Òpin ọ̀sẹ̀ ní Tarkwa Bay: ẹ̀yin ará Èkó tẹ́ ẹ wà l'Ábújá, ṣé ó ṣì yẹ ká lọ?

Ọmọ Kubwa béèrè pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà wa. Àbújá níbí ni wọ́n bí mi sí, Kubwa ni mò ń gbé. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ìtàn Tarkwa Bay lẹ́nu bàbá mi: bí wọ́n ṣe ń wọkọ̀ ojú omi l'Ékòó lọ́jọ́ Sátidé, bí wọ́n ṣe ń sùn lórí ẹní létí òkun, tí ìrònú kankan ò ní sí lọ́kàn wọn títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti papò dà. Mo fẹ́ kó ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa méjì lọ síbẹ̀ tí iléèwé bá gba ìsinmi. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má da owó mi sómi. Ó ní ibẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá, ó tún ní àsọdùn làwọn àgbà ń sọ, pé ibi tí kò síná, tí kò sómi ẹ̀rọ, fàájì wo ló lè wà níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

* * *

Màmá Karu:

Ọmọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá rẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ó ṣeé ṣe kí èmi àti wọn ti jọ wọ ọkọ̀ kan náà rí. Akọ̀wé ni mí ní Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ n'Íkòyí láti 1982, títí di ìgbà tí wọ́n kó wa wá síbí lẹ́yìn tí olú ìlú ṣí kúrò l'Ékòó lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1991. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀ẹ̀rùn kan ò lè kọjá kí n má débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwa mẹ́fà ni, obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin méjì, ọ́fíìsì kan náà la wà. Tó bá ti di ọ̀sán Fúráìdé, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ò ju ta ni yóò se ìrẹsì, ta ni yóò ra yìnyín.

Lábẹ́ afárá Falomo la ti ń wọkọ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la máa ń pàdé, àfi Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù. Láti ìgbà tí ìjọba ológun ti gbé ìmọ́tótó àyíká dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọjú sí títì kí aago mẹ́wàá tó lù. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, a ó ti kó gọ́tà tán, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ á ṣì wà léékánná wa, bí aago mẹ́wàá ṣe ń lù báyìí, ó di gìrì lọ́nà Falomo. Òkun la fi ń wẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ pákó ni, ẹ́ńjìnì kan lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ti jáde sójú èbúté, Àpápá á wà lọ́wọ́ ọ̀tún pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ òkun tó ga bí ilé alájà mẹ́wàá, òórùn epo àti ti iyọ̀ á jọ máa fẹ́ sí yín nímú. Kí ẹ tó bọ́ sójú agbami, awakọ̀ á yà wọ kọ̀rọ̀ kan, ariwo á dákẹ́, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú àwo. Tarkwa Bay nìyẹn.

Kò síná lóòótọ́. Kànga ni wọ́n ń pọn, omi rẹ̀ sì máa ń níyọ̀ díẹ̀ lẹ́nu. Àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò la ń háyà, ẹní la ń tẹ́, fìtílà la ń tàn. Ọ̀rẹ́ rẹ ò parọ́ níbẹ̀ yẹn. Ibi tó ti ṣìnà ni pé ó rò pé àìsí nǹkan la lọ ń wò.

Ìyá kan wà níbẹ̀, Ègùn ni, Ìyá Ẹlẹ́ja la máa ń pè wọ́n. Ìlàjì dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe ààrò, èèpo àgbọn gbígbẹ ni wọ́n ń kó sábẹ́ ẹ̀, wọn kì í lo èédú. Wọ́n á mú ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwọ̀n fà jáde, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí kan eegun, wọ́n á ki ata tí wọ́n lọ̀ lórí ọlọ bọ ojú ibẹ̀, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yí i lórí iná. Mo bi wọ́n nígbà kan bí ọwọ́ ò ṣe ń jó wọn, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sí mi kí n fọwọ́ kàn án: ó le bí awọ bàtà.

Tá a bá ti dé, ọ̀dọ̀ wọn là ń kó báàgì, owó àti aago ọwọ́ sí, àwa á bọ́ sómi. Àwọn ọmọ wọn ló ń ṣọ́ wa. Wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ ti jìn, tẹ́nì kan bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, wọ́n á pariwo, wọ́n á sáré wọ omi tọ̀ ọ́. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, ohun kan ṣoṣo tó sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ ni sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, ìgbì ló sì gbé e. Ọkàn wa balẹ̀ torí pé àwọn kan ń bá wa ṣọ́ ọ. Tí bàbá rẹ bá ń sọ pé àwọn ò ronú ohunkóhun, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn, bí wọn ò tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

* * *

Màmá Karu:

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ látàárọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń sọ ò ju ti Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa lọ: pé Ọlọ́run ló dá ibẹ̀ dáadáa, èèyàn ló wá bà á jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Èèyàn ló ṣe Tarkwa Bay. Kí òyìnbó tó fọwọ́ kàn án, òkìtì iyanrìn ló dí ẹnu èbúté Èkó, ọkọ̀ òkun ńlá ò lè wọlé. Láàárín 1908 sí 1912 ni ìjọba amúnisìn to òkúta wọnú òkun bí ògiri gígùn lápá méjèèjì ẹnu omi náà, kí omi lè máa ti ara rẹ̀ la ọ̀nà. Ẹ̀yìn ògiri òkúta yẹn ni iyanrìn rọra kó jọ sí, ibẹ̀ ni ìgbì kì í dé, ibẹ̀ la wá ń wẹ̀ tá a ń sọ pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù, nítorí ó dùn mí. Ìgbì òkun Èkó máa ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ògiri náà dá iyanrìn dúró sápá Lighthouse Beach tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tarkwa Bay, etí òkun ibẹ̀ ń gbòòrò sí i lọ́dọọdún. Èyí tó yẹ kó kọjá lọ sí Bar Beach, etí òkun Victoria Island lódì kejì, ò rí ọ̀nà lọ mọ́. Òkun ń gé Bar Beach jẹ, kò rí iyanrìn mìíràn fi dí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gun ẹṣin níbẹ̀, tẹ́ ẹ rí àwọn aláṣọ funfun pẹ̀lú àbẹ́là wọn, ẹ rántí bí omi ṣe ń gun títì Ahmadu Bello nígbẹ̀yìn. Ní báyìí, Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi iyanrìn dí òkun láti kọ́, ló wà lórí Bar Beach, wọ́n ní yóò tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá níbùú-lóròó, ògiri tuntun tí wọ́n ṣètò pé kó gùn tó kìlómítà 8.5 ló sì ń dá òkun dúró níwájú ẹ̀. Òkúta kan náà ló fún wa ní Tarkwa Bay, òun náà ló gba Bar Beach lọ́wọ́ wa.

Ti ọ̀rá àti ike omi tẹ́ ẹ ní ó kún ibẹ̀, òótọ́ ni, mo rí i. Àmọ́ ẹ má dá àwọn tó ń gbébẹ̀ lẹ́bi. Ohun tí wọ́n bá dà sí gọ́tà ní Muṣin tàbí Ṣómólú, ọ̀sà ló ń gbà á, ọ̀sà á gbé e jáde sí ẹnu òkun, ìgbì á dá a padà sétí omi. Ìdọ̀tí gbogbo Èkó ló ń gúnlẹ̀ síbẹ̀.

* * *

Màmá Karu:

Bàbá Nyanya, ẹ ní kì í ṣe erékùṣù rárá, pé ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni tó na lọ sápá Badagry, òkun ní gúúsù, omi ọ̀sà ní àríwá. Ẹ jàre. Ṣùgbọ́n kò sí afárá láti ìlú débẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ omi ló ń gbé mi lọ tó tún ń gbé mi bọ̀, erékùṣù ni mò ń pè é. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

* * *

Màmá Karu:

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé ní Wuse, o ní àwa ìgbà yẹn ò wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, nǹkan kan ò sì ṣe wá, pé kí Ọmọ Kubwa má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn gbowó lọ́wọ́ ẹ̀. Jókòó kí n sọ nǹkan kan fún ọ.

Oṣù Kẹwàá 1986, ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, à ń padà bọ̀. Koríko ojú omi kan wà, tó ní ewé róbótó àti òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ wa, lójú omi Badagry, kò sì pẹ́ tó fi gba ojú ọ̀sà kan. A dé àárín ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà gan-an nígbà tí koríko yìí lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnì wa. Ẹ́ńjìnì kú. Ọkọ̀ ńlá kan sì ń bọ̀ láti Àpápá, ó fun fèrè, ohùn fèrè náà ń mì wá láyà.

Awakọ̀ wa ò sọ̀rọ̀. Ó gbé ìdí ẹ́ńjìnì sókè, ó fi ọ̀bẹ gé koríko náà, èyí tí ọ̀bẹ ò lè gé ó fi eyín já a. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dá a padà. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan, kò dún. Lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó dáhùn. A kúrò lọ́nà fún ọkọ̀ náà, àmọ́ ìgbì tó rú sílẹ̀ ṣì ń bọ̀. Awakọ̀ yí imú ọkọ̀ kọ ọ́ gan-an, kò jẹ́ kó gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́. A gòkè, a já wálẹ̀, pákó abẹ́ wa dún gbàù, omi kún dé ọrùn ẹsẹ̀ wa, a wá ń fi kúlà ìrẹsì gbọ́n ọn.

Àwa mẹ́tàlá la wà nínú ọkọ̀ yẹn. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀, ó lé ní ìdajì wa tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Nǹkan kan ò ṣe wá, òótọ́ lo sọ. Ọgbọ́n awakọ̀ ló yọ wá. Ká ní ẹlòmíì tí kò gbọ́njú mọ omi ló ń wà wá lọ́jọ́ náà ńkọ́? Mi ò ní fi ọmọ ẹlòmíì dán ìyẹn wò.

* * *

Màmá Karu:

Àǹtí Lugbe, ẹ kú ìfẹ́ wa. Ẹ ní kí ló dé tí èèyàn á fi wọ mọ́tò tàbí bàálù lọ Èkó nígbà tí Jabi Lake wà nítòsí, tí ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, tí ilé ìtajà ńlá sì wà létí ẹ̀ láti 2015.

Mo máa ń kó àwọn ọmọ ọmọ mi lọ Jabi, wọ́n ń gbádùn ẹ̀. Àmọ́ omi tí èèyàn sé ni, ojú kan ló wà. Kò sí ìgbì tó máa gbá ọmọ nídìí kó máa rẹ́rìn-ín kó tún sunkún lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ jìnnà, Gurara ni kẹ́ ẹ lọ, lọ́nà Suleja sí Minna. Omi ibẹ̀ ń já láti òkè tó ga tó mítà 30, tẹ́ ẹ bá lọ nígbà òjò, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ara yín. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀ jù láti ìgbà tí mo ti dé àríwá, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ Gbágyí ló mú wa sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ dán an wò níwájú wa, wọ́n ń sọ èyí tó ń yọ̀ àti èyí tó le. Ìyá kan ru igi ìdáná léjìká bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kì í ṣe lórí, ó dúró, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó bá ọmọbìnrin mi gbé ọmọ títí a fi dé ìsàlẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, àwa náà ò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo rántí Ìyá Ẹlẹ́ja lọ́jọ́ náà débi pé mo ní láti yíjú sápá kan.

* * *

Màmá Karu:

Ẹnì kan kọ ọ́ lóru àná pé ó dáa bí wọ́n ṣe lé àwọn ará Tarkwa Bay, pé olè ni wọ́n, wọ́n ń fọ́ ọ̀pá epo, àti pé àìsí wọn ló máa jẹ́ kí ibẹ̀ padà dára. Mi ò sùn dáadáa lẹ́yìn tí mo kà á tán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Atlas Cove wà, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já epo bẹntiróòlù, ọ̀pá sì ń gbé e láti ibẹ̀ lọ sí Mosimi nípìnlẹ̀ Ògùn. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní, 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi kó àwọn tó ń gbé Tarkwa Bay jáde. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn kan ń fọ́ ọ̀pá epo lábẹ́ ilé. Ìròyìn ọjọ́ náà sọ pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn tó 4,500. Ẹrù wà lórí iyanrìn, àwọn èèyàn ń wá ọkọ̀ tó máa gbé wọn sọdá.

Mi ò gbèjà ẹni tó ń jí epo. Tẹ́nì kan bá jalè, ẹ mú un, ẹ gbé e lọ ilé ẹjọ́. Ìyá tó ń yan ẹja ńkọ́? Ọmọ tó wọ aṣọ iléèwé láàárọ̀ ọjọ́ náà ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi pákó gun ìgbì níbẹ̀, tí aráyé ń wá wò wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí. Ọmọ àwọn tó ń pariwo fún wa pé ilẹ̀ jìn ni wọ́n.

Wọ́n ti ṣí etí omi náà padà fún àlejò. Ìyàwó ṣíṣe kan gbé mi dé Èkó ní 2022, mo sì ní kí wọ́n gbé mi débẹ̀. Omi náà ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ. Iyanrìn wà, ọkọ̀ òkun ṣì ń kọjá lókèèrè. Ẹ̀rọ orin ń ké látọ̀tún látòsì, ìyẹn ò tilẹ̀ dùn mí, àwa náà gbé rédíò lọ nígbà tiwa. Mo wá ibi tí ààrò dúrọ́ọ̀mù wà tẹ́lẹ̀, mi ò dá a mọ̀. Mo béèrè Ìyá Ẹlẹ́ja lọ́wọ́ ẹni mẹ́rin, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí mò ń wí. Mo jókòó lórí àga tí mo háyà, báàgì mi wà lórí itan mi láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́rin. Mi ò fẹsẹ̀ kan omi. Ta ni mi ò bá gbé báàgì náà fún?

Ẹni tó bá ní ibẹ̀ á dára tí kò bá sí wọn, kò mọ ohun tó jẹ́ kó dára tẹ́lẹ̀.

* * *

Màmá Karu:

Ọmọ Kubwa, o tún ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì, àwa sì ń bára wa jiyàn. Dárí jì wá. Ìdáhùn tèmi ni pé kó o lọ.

Lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Ní oṣù Kẹfà, Keje, òkun máa ń bínú, ọkọ̀ á máa fò lórí omi, àwọn ọmọ á bì. Wọ ọkọ̀ láàárọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó gbóná, kó o sì kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú àwọn ọmọ láti Àbújá níbí, torí pé ti àgbàlagbà ló máa ń pọ̀ nínú ọkọ̀, á bọ́ lọ́rùn ọmọ kékeré. Tó o bá rí i pé ọkọ̀ ti kún ju bó ṣe yẹ, sọ̀kalẹ̀, dúró de èyí tó kàn, bí wọ́n tilẹ̀ ń bú ọ.

Inú kọ̀rọ̀ tí omi ti tẹ́ ni kẹ́ ẹ ti wẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rìn kọjá sápá Lighthouse Beach, ẹ wò ó, ẹ má wọ̀ ọ́. Òkun ibẹ̀ máa ń fa èèyàn lábẹ́lẹ̀. Tó bá ṣèèṣì fa ẹnikẹ́ni, kó má bá a jìjàdù kọjú sí èbúté, ẹ̀gbẹ́ ni kó lúwẹ̀ẹ́ sí títí omi á fi tú u sílẹ̀, lẹ́yìn náà kó wá kọjú sílẹ̀. Kọ́ ìyàwó rẹ ní ìyẹn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

O béèrè bóyá kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ lọ. Ẹ gbé omi mímu, ẹ má gbé oúnjẹ púpọ̀. Mú owó pépà dání, má gbára lé fóònù. Àwọn kan á ní owó tí wọ́n ń tà á ti pọ̀ jù, ìyẹn ni wọ́n ti ń bá mi jà látìjẹta, àmọ́ gbogbo nǹkan tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún, ọkọ̀ omi ló gbé e dé.

Bó o bá sì ti sọ̀kalẹ̀, kó o tó bọ́ bàtà, wá ìyá kan tó ń tajà níbẹ̀. Kí wọn dáadáa, kí àwọn ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wọn. Ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, jókòó tì wọ́n díẹ̀, bi wọ́n ibi tí ilẹ̀ ti jìn. Lẹ́yìn náà ni kó o bi wọ́n bóyá wọ́n lè bá ọ gbé báàgì dání. Tí wọ́n bá gbà á, ẹ máa lọ sínú omi.